Ohùn ta ni mo gbọ́ nínú ìwé Manuel Puig?

Òǹkàwé Adó kọ pé:

Mo kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìwé kíkà. Àwa mẹ́jọ kan ni a máa ń pàdé ní Adó-Èkìtì níbí lẹ́ẹ̀kan lóṣù láti jíròrò lórí ìwé kan ṣoṣo, èmi ni ó sì kàn láti yan ti oṣù tí ń bọ̀. Ìwé tí mo yàn ni El beso de la mujer araña, ìtàn-àròsọ tí Manuel Puig, ọmọ Argẹntínà, kọ ní èdè Sípáníìṣì, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní ìlú Barcelona ní ọdún 1976. N kò gbọ́ Sípáníìṣì, nítorí náà ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Thomas Colchie ṣe, tí ó jáde ní ọdún 1979, ni mo kà. Bí wọ́n bá ní kí n fún un ní orúkọ Yorùbá, n óò pè é ní Ìfẹnukonu Obìnrin Aláǹtakùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu mi ní Ọjà Ọba yóò rò pé fíìmù àjẹ́ ni mo ń polówó.

Fún ẹni tí kò tíì kà á, ọkùnrin méjì ni wọ́n tì mọ́ yàrá kan náà nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n ní Buenos Aires ní ọdún 1975. Valentín, ọmọ ọdún 26, jẹ́ ajàjàgbara tí ìjọba mú nítorí ọ̀rọ̀ òṣèlú. Molina jẹ́ ẹni ọdún 37. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe kí wọ́n tó mú un ni kí ó máa to ọjà sí ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù kí ó lè wu àwọn tí ń kọjá. Ọkùnrin ni ọkàn rẹ̀ ń fà sí, ó sì ka ara rẹ̀ sí obìnrin. Lálaalẹ́, tí iná bá ti kú, Molina a máa sọ ìtàn sinimá tí ó ti wò rí fún Valentín, díẹ̀díẹ̀, bí ìyá àgbà ṣe ń pàlọ́, a sì dá a dúró níbi tí ó dùn jù kí ó lè rí ti ọ̀la sọ. Ohun tí Valentín kò mọ̀ ni pé ọ̀gá ọgbà ẹ̀wọ̀n ti bá Molina ṣe àdéhùn ní ìkọ̀kọ̀ pé bí ó bá lè fi ọgbọ́n gba orúkọ àwọn ẹlẹgbẹ́ Valentín lẹ́nu rẹ̀, wọn yóò tètè tú u sílẹ̀.

Ọkàn mi kò ṣọ̀kan lórí ìwé náà. Ọgbọ́n ìtàn sísọ yẹn mú mi débi pé mo jẹ́ kí ọbẹ̀ jóná lórí ààrò ní ọjọ́ tí mo dé ibi obìnrin tí ń di ẹkùn nínú ọ̀kan nínú àwọn sinimá náà. Ṣùgbọ́n Molina a máa bí mi nínú. Ibì kan wà tí ó ti sọ pé adùn kí ọkùnrin gbá obìnrin mọ́ra ni pé kí ẹ̀rù rẹ̀ máa ba obìnrin náà díẹ̀. Èmi tí mo jẹ́ obìnrin, tí mo ní ọmọbìnrin méjì, tí mo sì mọ ohun tí ojú ìyá mi rí kí ó tó lè sọ̀rọ̀ nínú ilé ara rẹ̀, mo gbé ìwé náà sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Mo bi ara mi bóyá Molina ni ó sọ bẹ́ẹ̀ ní tòótọ́, tàbí ọwọ́ atúmọ̀ ni ó wúwo níbẹ̀. Nígbà tí ènìyàn bá ń ka ìwé tí ó ti gba ẹnu ẹlòmíràn kọjá, ta ni ó yẹ kí ó bínú sí?

Mo tún ní ìtìjú kan láti jẹ́wọ́. Bébà kàlẹ́ńdà ni mo fi bo ìwé náà kí n tó máa kà á ní yàrá àwọn olùkọ́. Mo mọ̀ pé òfin ọdún 2014, èyí tí ó gbé ẹ̀wọ̀n ọdún 14 kalẹ̀ fún ìgbéyàwó akọsákọ tàbí abosábo, kò sọ pé kí ènìyàn má ka ìtàn, síbẹ̀ mo bò ó.

Mo ń rò ó láti túmọ̀ orí kan sí Yorùbá fún ìpàdé wa, kí a lè jọ gbọ́ ọ lẹ́nu ara wa. Ṣé ó ṣe é ṣe? Irú ohùn wo ni kí n fún àwọn méjèèjì?

Ọmọ Ìkéré Lókè Òkun kọ pé:

Àǹtí, ẹ kú ìrònú. Mo ti lo ọdún mọ́kànlá ní ilẹ̀ Spéènì, mo sì ti ka ìwé náà ní èdè méjèèjì. Ẹ má dá Colchie lẹ́bi fún ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rù yẹn. Ó wà nínú ìwé Puig gan-an, Valentín sì bá Molina jiyàn lé e lórí lójú ẹsẹ̀, nítorí pé ní tirẹ̀, kò sí ìdí tí ẹni tí ó bá jẹ́ obìnrin, tàbí tí ó fẹ́ jẹ́ obìnrin, fi gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ lè bínú sí Molina láìbẹ̀rù. Mo rò pé Puig fẹ́ kí ẹ bínú sí i, kí ẹ sì tún fẹ́ràn rẹ̀, nítorí sinimá àtijọ́ ni ó kọ́ Molina ní ohun tí ó mọ̀ nípa obìnrin. Ọ̀kan nínú àwọn sinimá tí ó fẹ́ràn jù jẹ́ iṣẹ́ ìpolongo àwọn Násì ilẹ̀ Jámánì. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, Valentín sì fẹ́rẹ̀ ya wèrè nígbà tí ó ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ojú Molina kò kúrò lára aṣọ, orin àti ìfẹ́ inú rẹ̀.

Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì gbé mì jẹ́ nǹkan mìíràn. Ní Sípáníìṣì, bí ó bá rẹ ọkùnrin, yóò ní òun jẹ́ cansado; bí ó bá jẹ́ obìnrin, yóò ní òun jẹ́ cansada. Lẹ́tà kan péré ni ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ń sọ̀rọ̀ kò lè sá fún un, ó ní láti mú ọ̀kan. Molina a máa mú ti obìnrin fún ara rẹ̀ àti fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ rí bákan náà. Nítorí náà, kò dìgbà tí ó bá dúró sọ pé, «Ẹ gbọ́, obìnrin ni mí». Ó ń sọ ọ́ nígbà tí ó ń sọ pé ó rẹ òun, nígbà tí ó ń sọ pé inú òun dùn. Ẹni tí ó bá kà á ní Gẹ̀ẹ́sì yóò pàdánù èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún àárẹ̀ kò ní akọ, kò ní abo. Atúmọ̀ wá ní láti fi àwọn ọ̀rọ̀ tí ó hàn ketekete rọ́pò ohun tí ó fara pamọ́ sí ìdí ọ̀rọ̀, ìyẹn sì lè mú kí Molina dà bí ẹni tí ń ṣe àṣehàn ju bí ó ti rí lọ.

Puig kò fi asọ̀tàn sí inú ìwé náà; ìlà kékeré ni ó fi ya ọ̀rọ̀ ẹnìkan sọ́tọ̀ kúrò lára ti ẹnìkejì, ẹni tí ń kàwé ni yóò máa dá ohùn mọ̀. Bí ẹnìkan bá dákẹ́, àmì ìdákẹ́ nìkan ni ẹ óò rí. Nígbà tí àwọn méjèèjì wá di olólùfẹ́, ohun tí gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù pé àwọn óò kà, gbólóhùn tí ó já sí méjì àti àwọn àmì yẹn ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Ibẹ̀ nìkan ni mo rò pé Colchie sinmi.

Ẹ má sì fo àwọn àlàyé gígùn tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ojú-ìwé. Wọ́n a máa súni, mo gbà, Freud onímọ̀ nípa ọkàn ènìyàn níhìn-ín, Marcuse onímọ̀ ọgbọ́n-orí lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n dókítà ará Denmark tí ó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn nínú wọn, Anneli Taube, kò sí láyé rí. Puig ni ó dá a sílẹ̀ kí ó lè ti ẹnu rẹ̀ sọ èrò ara rẹ̀.

Ní ti ìbòrí kàlẹ́ńdà yín, ẹ má jẹ́ kí ó dùn yín jù. Àwọn ológun gba ìjọba ní Argẹntínà ní oṣù kẹta ọdún 1976 yẹn kan náà, wọ́n sì fòfin de ìwé náà ní ilẹ̀ ẹni tí ó kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ni kò rí i bò rárá.

Olùkọ́ Àgbà kọ pé:

Ọmọ mi, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ, mo sì ka ti àbúrò rẹ láti òkè òkun. Ọgbọ́n ni ó sọ, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń dà á láàmú kọ́ ni yóò dà ọ́ láàmú bí o bá jókòó ti Yorùbá. Ọ̀rọ̀ akọ àti abo kò ní yọ ọ́ lẹ́nu púpọ̀. «Ó» ni a ń pe ọkùnrin, «ó» ni a ń pe obìnrin, «ó» ni a ń pe ewúrẹ́. Molina lè wà nínú «ó» Yorùbá láti ojú-ìwé kìíní dé ìkẹyìn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í ní ìbéèrè. Ìyẹn lè jẹ́ ààbò fún un. Ó sì lè jẹ́ ìbòjú, nítorí ohun tí ó ń fi lẹ́tà kan ṣoṣo jà fún ní èdè tirẹ̀, èdè tiwa ti fún un lọ́fẹ̀ẹ́ kí ó tó béèrè, kò sì sí bí a ó ti ṣe mọ̀ pé ó béèrè.

Ọjọ́ orí ni ìṣòro rẹ. Wo ó dáadáa: ẹni ọdún 26 àti ẹni ọdún 37. Ọdún 11 ni Molina fi ju Valentín lọ. Ní Argẹntínà, bí mo ti gbọ́, «vos», ìyẹn «ìwọ» tiwọn, ni àwọn ènìyàn tí wọ́n mọ ara wọn máa ń lò, àwọn méjèèjì sì ń lò ó fún ara wọn. Ọmọ Yorùbá wo, ì báà jẹ́ ajàjàgbara tí kò ka ọlọ́rọ̀ sí, ni yóò wọ yàrá ẹ̀wọ̀n tí yóò máa pe ẹni tí ó fi ọdún 11 jù ú lọ ní «ìwọ»? Bí o bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ohun tí àwọn ará ẹgbẹ́ rẹ yóò kọ́kọ́ gbọ́ ni àìlẹ́kọ̀ọ́, wọn kò sì ní gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́. Valentín ní láti fi «ẹ» bẹ̀rẹ̀.

Kí ni yóò wá pè é? Bí ó bá pè é ní «bọ̀dá», ó ti gún Molina lọ́bẹ lójoojúmọ́ láìmọ̀. Bí ó bá pè é ní «àǹtí» láti ìbẹ̀rẹ̀, ìtàn ti parí kí ó tó bẹ̀rẹ̀, tàbí kí ó di yẹ̀yẹ́. Ibi tí akọ àti abo sá pamọ́ sí nínú èdè wa nìyẹn; wọn kò sí nínú arọ́pò-orúkọ, inú orúkọ tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún ara wa ni wọ́n wà. Ṣùgbọ́n «ẹ̀gbọ́n» wà. Ẹ̀gbọ́n kò ní akọ, kò ní abo, ìgbà tí wọ́n bí ènìyàn nìkan ni ó ń sọ. Bí èmi bá ni, «ẹ̀gbọ́n» ni n óò fi sí ẹnu Valentín.

Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè tí ó le jù yóò dé: ọjọ́ wo ni Valentín yóò fi «ẹ» sílẹ̀ tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ «o»? Ìwé Sípáníìṣì kò ní ọjọ́ yẹn, ti Gẹ̀ẹ́sì kò sì lè ní in. Ìwọ ni yóò yàn án. Bí o bá tètè yàn án, ìwọ̀sí ni. Bí o bá pẹ́ jù, wọn kò súnmọ́ ara wọn rárá.

Àbí kí o fi ohùn Èkìtì kọ ọ́? Mo ń rántí ìyá ìyá mi tí wọ́n ń sọ «ulé» fún «ilé». Bí wọ́n bá ń bá ẹni tí ó jù wọ́n lọ sọ̀rọ̀ ní èdè abúlé wa, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń lò, kò sì sí ẹni tí ó sọ pé wọn kò lẹ́kọ̀ọ́. «Ẹ» tí gbogbo wa ń lò báyìí, mo rò pé ilé ìwé àti ṣọ́ọ̀ṣì ni ó bá èyí tí ó pọ̀ nínú rẹ̀ wọ ilé wa. Nínú ohùn àwọn ìyá àgbà yẹn, Molina àti Valentín lè bá ara wọn sọ̀rọ̀ bí wọ́n ti ń sọ ọ́ ní Buenos Aires gan-an.

Má sì bẹ̀rù pé o fẹ́ fi kún tàbí yọ kúrò. Nígbà tí Ṣóyínká túmọ̀ ìwé Fágúnwà ní ọdún 1968, igbó irúnmọlẹ̀ di igbó ẹgbẹ̀rún irúnmọlẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹgbẹ̀rún kò sí lára ẹ̀yìn ìwé ti Fágúnwà, síbẹ̀ ta ni yóò sọ pé Ṣóyínká kò gbọ́ Yorùbá?

Ìyá Ìfàkì kọ pé:

Onígbàgbọ́ ni mí, n kò sì ní torí pé mo ka ìwé kan kí n sọ pé ohun tí ìjọ mi fi kọ́ mi ti yí padà. Ọmọ mi tí ó wà ní yunifásítì ni ó gbé ìwé náà wálé, mo kà á nítorí kí n lè bá a wí, mo sì parí rẹ̀.

Ohun tí ó ń dùn mí nínú rẹ̀ kò sí nínú àwọn ohun tí ẹ ti sọ. Àwọn aláṣẹ ẹ̀wọ̀n ń fi nǹkan sí oúnjẹ Valentín kí ara rẹ̀ lè rọ̀, kí ó lè sọ̀rọ̀. Molina mọ̀. Nígbà tí inú Valentín wá bàjẹ́ tí kò lè dá dìde, tí ó ṣe é sára, tí ìtìjú fẹ́ pa á, Molina ni ó nù ún, ó pa aṣọ rẹ̀ dà, ó fi aṣọ ìbora ara rẹ̀ wé e, ó sì ń sọ fún un pé kí ó má tijú. Mo tọ́jú ọkọ mi fún oṣù méje nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n. Mo mọ ohun tí ènìyàn ń sọ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ kí ẹni tí ó dùbúlẹ̀ má baà rí ara rẹ̀ bí ẹrù. Ẹni tí ó kọ ojú-ìwé yẹn ti rí àìsàn rí, tàbí kí ó ti fetí sí ẹni tí ó rí i. Atúmọ̀ náà kò sì bà á jẹ́, nítorí mo gbọ́ òórùn yàrá náà.

Ṣùgbọ́n bí mo bá ti rántí pé ẹni tí ń nu ìgbẹ́ yẹn mọ bí ìgbẹ́ ṣe dé, ọwọ́ mi a fà sẹ́yìn kúrò lára ìwé náà. Báwo ni ìfẹ́ ṣe ń ti inú ìyẹn jáde? Mo mọ̀ pé kò tú àṣírí Valentín nígbẹ̀yìn, mo sì mọ̀ pé ó kú nítorí iṣẹ́ tí ó bá a jẹ́ níta. Kò tíì tó fún mi. Ọmọ mi ní mo le jù.

Aláìlórúkọ kọ pé:

N kò ní kọ púpọ̀. Gbogbo yín ń ka ìwé yìí bí ẹni tí ń yọjú lójú fèrèsé, n kò sì bá yín jà. Ní tèmi, mo ti kà á ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ní Gẹ̀ẹ́sì, ní ìlú kan tí kò jìnnà sí yín.

Gẹ̀ẹ́sì rọrùn fún mi nítorí pé ó jìnnà. Yorùbá tí mo gbọ́ nípa irú ènìyàn tí mo jẹ́ láti kékeré, ẹnu àwọn tí ń bú ènìyàn ni ó ti jáde, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, ẹ sì mọ̀ ọ́n. N kò tíì kà nípa ara mi rí ní èdè ìyá mi láìsí ọ̀rọ̀ yẹn nínú rẹ̀. Nígbà tí mo rí i tí Olùkọ́ Àgbà kọ pé kí Valentín pè é ní «ẹ̀gbọ́n», mo gbé fóònù sílẹ̀, mo jáde lọ pọn omi tí ẹnikẹ́ni kò rán mi.

Àǹtí, bí ẹ bá máa túmọ̀ rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí Molina máa sọ̀rọ̀ bí àwọn aláwàdà tí wọ́n ń wé gèlè lórí sinimá. Ẹ jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó mọ ìtàn sọ.

Òǹkàwé Adó kọ pé:

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Aláìlórúkọ, mo gbọ́ ọ. N kò ní lo ọ̀rọ̀ náà. Ibi tí ìwé bá ti nílò rẹ̀, nítorí pé àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹ̀wọ̀n kì í ṣe ènìyàn jẹ́jẹ́, n óò kọ pé wọ́n bú u, n óò sì kọjá.

Mo ti jókòó tì í fún ọ̀sẹ̀ kan. N kò bẹ̀rẹ̀ láti orí kìíní, ibi tí Ìyá Ìfàkì mẹ́nu bà ni mo mú, nítorí pé ìwé náà kò mú mi níbòmíràn tó bẹ́ẹ̀. Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ní ti àkọ́kọ́, Yorùbá ilé ìwé ni, Valentín ń sọ pé, «Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wò mí.» Ní ti ìkejì, mo ní kí ìyá mi bá mi fi ohùn Èkìtì sọ ọ́. N kò sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá fún wọn. Mo kàn ní ọkùnrin méjì ni, wọ́n jọ wà ní àtìmọ́lé, inú ń run ọ̀kan. Wọ́n sọ ọ́ láìdánudúró, bí ẹni pé àwọn aládùúgbò wa ni, wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ara ọmọ náà ti yá.

Ìbínú mi sí Molina kò tíì lọ. Ṣùgbọ́n mo ti rí i pé nígbà tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá, n kò lè bínú sí i kí n sì máa wá gbólóhùn tí ó dára fún un lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan ní láti dúró de èkejì lẹ́nu ọ̀nà.

Ọjọ́ tí Valentín yóò fi «ẹ» sílẹ̀ ni n kò tíì rí. Mo fi sí ojú-ìwé tí wọ́n ti nù ún, mo yọ ọ́, mo tún fi sí i. Olùkọ́ wa ní èmi ni yóò yàn án, ṣùgbọ́n n kò tọ́jú ọkùnrin aláìsàn rí. Bí kò bá ní bí Ìyá Ìfàkì nínú, mo fẹ́ béèrè: ní oṣù méje yẹn, kí ni ẹ ń pe Bàbá?

Ìyá Ìfàkì kọ pé:

Kò bí mi nínú. Lọ́sàn-án, níwájú àwọn ọmọ àti àwọn tí wọ́n wá kí wa, «ẹ» ni. Lóru, tí ó bá ń sunkún, «o» ni mo máa ń sọ fún un, òun náà kò sì bi mí rí pé èé ṣe.